Àbọ̀ lórí DLSw: àdírẹ́sì MAC ló fà á
Mo béèrè ìdí tí àwọn PC orí Ethernet wa kò fi rí mainframe (kọ̀ǹpútà ńlá IBM) tó wà lórí Token Ring (irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ kan) nípasẹ̀ DLSw, ètò tí àwọn router fi ń gbé ìsọfúnni mainframe gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì IP.

Ṣíṣí TCP 2065 (port tí DLSw ń lò) lórí firewall ṣe ìdajì iṣẹ́: `show dlsw peers` di CONNECT (àwọn router ti so pọ̀), àmọ́ kò sí circuit (ọ̀nà láàárín PC àti mainframe) kankan. Àdírẹ́sì MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ló yanjú ẹ̀. Ethernet àti Token Ring kì í to bíìtì bákan náà; nínú báìtì kọ̀ọ̀kan, bíìtì tó wà níwájú ló ń lọ sẹ́yìn: 40 á di 02, 37 á di EC. 4000.3745.0001 ni DLSw mọ mainframe sí, ṣùgbọ́n 0200.ECA2.0080 ni kí ẹ kọ sórí PC. Ẹ má kàn pààrọ̀ ipò nọ́ńbà o!

Ó ku PU kan (ẹ̀rọ tí mainframe ń bá sọ̀rọ̀) tó há sí CKT_ESTABLISHED. Ọ̀nà ti là, XID (pàṣípààrọ̀ ìdánimọ̀ láàárín ẹ̀rọ méjèèjì) ni kò tíì parí. Mò ń yẹ IDBLK àti IDNUM (nọ́ńbà ìdánimọ̀ PU náà) wò nínú VTAM, sọ́fítíwià ìbánisọ̀rọ̀ mainframe. Ẹ ṣé gan-an.