Orin inú mẹ́mọ́rì: ta ló ń gba owó rẹ̀? Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Òkè-Ògùn, Kubwa
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ní gáréèjì Nyanya lánàá, mo rí ọmọkùnrin kan tó gbé láptọ́ọ̀pù kalẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn, tó ń kó orin sínú mẹ́mọ́rì fún àwọn awakọ̀. Fújì, jùjú, orin ìyìn, orin Haúsá, kò sí èyí tí kò sí níbẹ̀. Nínú owó tó ń gbà yẹn, kí ló ń kan ẹni tó kọ orin? Ẹ̀yin tí ẹ ti ta orin rí, tí ẹ ti kọ orin rí, tàbí tí ẹ jẹ́ ọmọ olórin, ẹ bá wa sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì, Mararaba
Kò kàn án rárá. Ó tán.

Bọ̀dá Kánò
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí mo ṣe iṣẹ́ yẹn ní Sabon Gari, Kánò, kí n tó kó wá sí Àbújá. 'Yan downloading làwọn Haúsá ń pè wá. Láptọ́ọ̀pù, ohun tí wọ́n ń ki mẹ́mọ́rì bọ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré, àti sípíkà tó ń ké sí oníbàárà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kì í jókòó máa dáńlóòdù orin lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe rò. Ẹnì kan wà ní Beirut Road tó ní háàdì dísìkì ńlá, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ la máa ń lọ kó tuntun lọ́dọ̀ rẹ̀, a ó sanwó fún un, a ó wá pín in sí fódà: fódà Barrister, fódà Òsùpá, fódà Rarara, fódà orin ìjọ. Oníbàárà á ní "kún un fún mi", a ó kún un. Bí ààyè inú mẹ́mọ́rì bá ṣe tó la fi ń gbowó, kì í ṣe iye orin.

Àwọn wo ló ń rà á? Awakọ̀, àgbẹ̀, mẹ́gáàdì, àwọn tó ń bọ̀ láti Wudil àti Dambatta lọ́jọ́ ọjà. Lọ́dọ̀ tiwọn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dúró, détà sì wọ́n. Kò sí ilé-iṣẹ́ orin kankan tó gbé àwo dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwa la gbé e débẹ̀. Èyí tí ẹ ò sì mọ̀ ni pé àwọn olórin fúnra wọn ń wá bá wa. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sitúdíò á mú fláàṣì wá, á ní ká jọ̀ọ́, ká fi tòun síwájú. Òmíràn á tún fún wa lówó lé e. Tí orin bá ti wọ inú mẹ́mọ́rì ní Kánò, kò ní pẹ́ dé Maiduguri, á tún kọjá sí Niamey, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ náà síbi ìgbéyàwó. Ibẹ̀ lowó tirẹ̀ wà. Ẹni tó bá pè wá lólè, kó kọ́kọ́ sọ ẹni tí ì bá gbé orin náà dé Dambatta.

Adékẹ́yẹ, Wuse
Bọ̀dá Kánò, ẹni tó mú fláàṣì wá fúnra rẹ̀ ti yọ̀ǹda. Ṣé Barrister náà mú fláàṣì wá bá yín ni?

Ìyá Ìbejì, Mararaba
Háà! Ó bà á níbẹ̀!

Bọ̀dá Kánò
Barrister ti kú láti 2010. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí, níbo lẹ ti rí orin rẹ̀ tó wà lórí fóònù yín?

Adékẹ́yẹ, Wuse
Mo ń sanwó oṣooṣù lórí orin tí mò ń gbọ́. Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ́dọ̀ mi.

Ọmọ Alágbè, Kàdúná
Mi ò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Sákárà ni bàbá mi kọ. Kàdúná ni wọ́n ń gbé, àmọ́ Èkó ni wọ́n ti ń lọ gba orin sílẹ̀ torí ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ wà. Màmá mi sọ pé nígbà tí àwo àkọ́kọ́ fẹ́ jáde ní 1972, wọ́n ka owó kan sí bàbá lọ́wọ́, wọ́n sì gbé bébà kan síwájú wọn, bàbá tẹ àtàǹpàkò sí i. Wọn ò mọ̀wé. Kò sẹ́ni tó kà á fún wọn. Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi jáde láyé, wọn ò rí kọ́bọ̀ mìíràn gbà lórí àwo yẹn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ jáde léraléra. Èmi fúnra mi rí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́jà nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, àwòrán bàbá mi wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fìlà wọn tó gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo wọ kẹ̀kẹ́ NAPEP ní Kawo. Orin ń dún nínú rẹ̀. Ohùn bàbá mi ni. Ọmọ Haúsá ló wa kẹ̀kẹ́ náà, kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ, ó ní ìlù yẹn ló ń dùn mọ́ òun. Mo bi í pé níbo ló ti rí i, ó ní inú mẹ́mọ́rì tóun rà ló wà. Mo délé, mo tẹ orúkọ bàbá mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo orin yẹn pátá ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tí n kò gbọ́ rí lábẹ́ wọn. Ẹnì kan ń gba owó yẹn lóṣooṣù, kì í sì í ṣe ọmọ tó gbé láptọ́ọ̀pù sábẹ́ agbòòrùn. Màmá wà láàyè o. Àwa ọmọ là ń dáwó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn.

Àǹtí Rónkẹ́, Gwarinpa
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Omi bọ́ lójú mi. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere.

Aláṣejù, Minna
Èèyàn dúdú ló ń fi ara wọn jẹ báyìí.

Adékẹ́yẹ, Wuse
Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n. Tó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni bàbá tà nínú bébà yẹn ńkọ́? Ẹni tó ta ilẹ̀ kì í padà wá béèrè ọ̀gẹ̀dẹ̀ orí rẹ̀.

Ọmọ Alágbè, Kàdúná
Bébà tí wọn ò kà fún ẹni tí kò mọ̀wé, ṣé títà nìyẹn, àbúrò?

Bọ̀dá Kánò
Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn! Àwọn olè gidi wà ní ọ́fíìsì.

Àǹtí Rónkẹ́, Gwarinpa
Bọ̀dá Kánò, ẹ má fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà ò fún bàbá wọn ní kọ́bọ̀.

Lọ́yà, Garki
Ẹ̀gbọ́n Kàdúná, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ bébà yẹn. Òfin kọ́píráìtì tí a ń lò báyìí, ti 2022 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ nínú àwo kan. Orin fúnra rẹ̀ wà, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn tí bàbá yín hun pọ̀. Tiwọn ni títí wọ́n fi kú, ó sì di ti ẹbí fún 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí wọ́n kú. Èkejì ni gbígbà tí wọ́n gba ohùn sílẹ̀ ní sitúdíò, tó sábà máa ń jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Ìyẹn ò ju 50 ọdún lọ láti òpin ọdún tí àwo jáde. Bí mo ṣe ka òfin náà, ti àwo 1972 ti parí ní òpin 2022.

Nítorí náà, ohun tó kù níbẹ̀ tó níye lórí ni orin, ìbéèrè sì ni pé ṣé orin ni bébà yẹn gbà lọ́wọ́ bàbá, àbí gbígbà sílẹ̀ nìkan. Kì í ṣe ohun kan náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ayé ìgbà yẹn ò sì kọ ọ́ dáadáa. Tó bá jẹ́ ti ẹbí, òfin fún yín láyè láti kọ̀wé sí ojú òpó tí wọ́n gbé e sí, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò tàbí kí ẹni tó gbé e síbẹ̀ wá fi ẹ̀rí hàn. Ẹ wá bébà yẹn. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ wá àwo gan-an, ẹ ya àwòrán bébà róbótó tó wà láàárín rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ ẹni tó kọ orin síbẹ̀.

Onífújì, Jos
Ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé gbogbo bàbá wa ni wọ́n rẹ́ jẹ o. Haruna Iṣọ̀lá àti I.K. Dáíró dá STAR Records sílẹ̀ ní 1969, olórin ló ni ín. Haruna tún kọ́ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àwo. Bàbá olórin àpàlà ló ṣe bẹ́ẹ̀! Sunny Adé náà, òun àti ilé-iṣẹ́ àwo African Songs ti Olóyè Abíórò wọ ẹjọ́ ní 1974, ó jáde níbẹ̀ ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Kollington dá tirẹ̀.

Mùsìbáù, Zaria
Barrister náà dá Siky Oluyole. Kí ló dé tó jẹ́ Kollington lo dárúkọ?

Onífújì, Jos
Mi ò ní kò dá a o.

Mùsìbáù, Zaria
Ẹ̀yin ọmọ Kollington, a mọ̀ yín. Ẹ máa ń fo Barrister ni.

Ìyá Ìbejì, Mararaba
Ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé ìjà yẹn lọ síta, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti bàbá onísákárà.

Olùdarí Akọrin, Lugbe
Tiwa yàtọ̀. Ìjọ wa gbé ìsìn ọjọ́ Àìkú sórí ojú òpó fídíò kan. Orin inú Ìwé Orin Mímọ́ la kọ, orin tí àwọn òyìnbó tó kọ ọ́ ti kú láti ayé Queen Victoria, tí àwọn àgbà ìjọ wa túmọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan nílẹ̀ òkèèrè ló ni ín, pé àwọn ni wọn yóò máa gba owó ìpolówó orí fídíò náà. Ẹ̀rọ ló gbọ́ dùùrù wa tó rò pé àwo ẹnì kan ni. A kọ̀wé tako wọn, a ní orin náà ti di ti gbogbo ayé, ohùn akọrin wa ló sì wà níbẹ̀. Wọ́n dá a padà. Ẹ̀rọ yẹn mọ àwo àwọn òyìnbó délé-délé, ṣùgbọ́n kò dá bàbá ẹ̀gbọ́n Kàdúná mọ̀. Èyí ló dùn mí jù.

Ọmọ Ìta Beats, Gwagwalada
Èmi ni mo ń ṣe orin báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òde òní. Ẹ máa ń gbọ́ pé Spotify, ojú òpó tí wọ́n ti ń gbọ́ orin, tó wọ Nàìjíríà ní 2021, kéde pé owó tó kan àwọn olórin Nàìjíríà ní 2024 lé ní bílíọ̀nù 58 náírà. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo ibi tí owó ti ń wá. Ẹni tó ń gbọ́ orin ní London ń san owó oṣù tó ju tiwa níbí lọ fíìfíì, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan tí òun bá gbọ́ ọ wúwo ju ẹ̀ẹ̀kan tiwa lọ. Àwọn tó ń gbọ́ láìsanwó, ìpolówó ló ń sanwó wọn, ìpolówó ilẹ̀ wa ò sì wọ́n. Olórin tí wọ́n fẹ́ràn ní Gwagwalada àti Suleja nìkan, kò lè fi í ra ìrẹsì. Òde ìnáwó ló ń bọ́ mi.

Aláṣejù, Minna
Ẹ padà sí kásẹ́ẹ̀tì!

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, Zaria
Kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rántí Napster. 1999 ló dé ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fi orin ránṣẹ́ síra wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ orin pè é lẹ́jọ́, ó kógbá sílé ní 2001. Ṣé dáńlóòdù ọ̀fẹ́ tán? Òmíràn hù sí ipò rẹ̀. Ìgbà tí Apple ṣí ìsọ̀ iTunes ní 2003, tí orin kan jẹ́ sẹ́ńtì 99, tó sì rọrùn láti rà, ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó. Ẹ wò ó níbí náà: ohun tí Bọ̀dá Kánò ń tà kì í ṣe orin nìkan, ìrọ̀rùn ni. Kí ló dé tí a ò fún wọn ní láísẹ́ńsì? Kí wọ́n san iye kan lóṣù, kí wọ́n kọ orin tí wọ́n kó sílẹ̀, kí owó náà lọ sọ́dọ̀ olórin.

Bọ̀dá Kánò
Èmi ì bá san án. Mo fi Ọlọ́run búra. A ń san ti onílé, a ń san ti ọjà, a ń san ti ẹni tó ní háàdì dísìkì.

Adékẹ́yẹ, Wuse
Ta ni wọn yóò san án fún? COSON àti MCSN, àwọn ẹgbẹ́ tó ń bá olórin gba owó orin, tí wọ́n ti ń bára wọn jà? Ní 2018, NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó kọ́píráìtì, dá láísẹ́ńsì COSON dúró. Owó á wọlé, ìjà á jẹ ẹ́.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, Zaria
Ìjà wọn ò sọ pé kí ọmọ olórin má jẹun. Kí wọ́n tún un ṣe.

Olùdarí Akọrin, Lugbe
Èyí tó ń bẹ̀rù mí nísinsìnyí ni AI. Àwọn ilé-iṣẹ́ orin ńlá pe Suno àti Udio, tí wọ́n ń fi AI ṣẹ̀dá orin, lẹ́jọ́ ní oṣù kẹfà 2024 pé wọ́n fi orin àwọn kọ́ ẹ̀rọ láìgbàṣẹ. Àwọn ní owó ẹjọ́. Ta ni yóò pe ẹjọ́ fún sákárà?

Ọmọ Alágbè, Kàdúná
Lọ́yà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Bébà yẹn ò sí mọ́, a kó ẹrù lójijì nígbà wàhálà 2000. Ṣùgbọ́n àwo méjì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá. Ṣé NCC ni kí n lọ?

Lọ́yà, Garki
NCC méjì ló wà ní Àbújá o. Ọ̀kan ń mójú tó fóònù àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ẹ má lọ síbẹ̀. Nigerian Copyright Commission ni kẹ́ ẹ béèrè. Orin ò nílò ìforúkọsílẹ̀ kó tó ní ẹ̀tọ́, àmọ́ wọ́n ní ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹ lè fi í sí, ó wúlò tí ẹjọ́ bá dé. Ẹ mú ìwé ikú bàbá dání. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan lu àwo méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà, ká lè fi wé èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ká mọ̀ bóyá òun náà ni.

Ọmọ Alágbè, Kàdúná
Giramafóònù ni ò sí. Ẹnikẹ́ni ní Kàdúná?

Mùsìbáù, Zaria
Ti bàbá mi wà níbí, ó ń yí dáadáa. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló kán. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta abẹ́rẹ́ ní Àbújá?

Onífújì, Jos
Mo ní méjì. Mùsìbáù, fi nọ́ḿbà rẹ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, mò ń bọ̀ ní Zaria lọ́jọ́ Sátidé.