Kí ni ẹṣin ń wá lára "ìyá" nínú lẹ́tà Ṣáínà?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè Ṣáínà. 休 (xiū, sinmi) yé mi: ènìyàn 亻 fẹ̀yìn ti igi 木. Ṣùgbọ́n obìnrin 女 àti ẹṣin 馬 ló wà nínú 媽 (mā, ìyá). Àkàwé wo nìyẹn? Ṣé torí pé ìyá ń ṣiṣẹ́ bí ẹṣin ni?

Atúmọ̀-èdè: Rárá o. Ohùn ni ẹṣin wá ṣe níbẹ̀. Mǎ ni wọ́n ń pe 馬. 女 nìkan ló gbé ìtumọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà wọn, Xu Shen, ọ̀mọ̀wé Ṣáínà kan, sì ti ṣàlàyé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Kristi nínú Shuowen Jiezi, ìwé atúmọ̀ lẹ́tà rẹ̀, níbi tó ti to lẹ́tà 9,353 sábẹ́ orí 540, ìyẹn àwọn apá tó fi pín lẹ́tà sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́.

Kí ẹ tó wá àkàwé, ẹ pe odidi lẹ́tà, kí ẹ sì pe apá kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá jọ ti odidi, ẹ má hun ìtàn sí i lára. Ibi tó ti máa ń tanni ni pé ohùn ti yí padà láti ayé àtijọ́: 工 (gōng) ló ń tọ́ka ohùn nínú 江 (jiāng, odò), wọn ò sì jọra mọ́.

Ọmọ Gègé: Òótọ́ ni, àmọ́ àkàwé pọ̀ nínú apá ìtumọ̀. Ẹ wo ọkàn, 心, lábẹ́ 怒 (nù, ìbínú) àti 想 (xiǎng, ronú). Ẹ wá tú "bínú" àti "ronú" tiwa wò: inú ló wà nídìí méjèèjì! Ibi tí wọ́n fi ọkàn sí, inú la fi sí.

Nígbà mìíràn, apá kan náà máa ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ohùn àti ìtumọ̀. 亡 (wáng) ni kí nǹkan sọnù; gbé e lé orí ọkàn, ó di 忘 (wàng, gbàgbé). Tí ọkàn bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, 忙 (máng) ni, ọwọ́ dí.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣeun gan-an. 本 ńkọ́?

Ọmọ Gègé: Igi 木 ni, pẹ̀lú ìlà kékeré nídìí: gbòǹgbò, ìpìlẹ̀. Ìlà lókè rẹ̀ ni 末 (mò, òpin). Ẹ ṣọ́ra níbí: ìlà òkè gbọ́dọ̀ gùn ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Tó bá kúrú, 未 (wèi) lẹ kọ yẹn, "kò tíì".