Wọ́n yọ owó tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì nínú àkáǹtì mi, ta ni kí n dì mú?

Aránṣọ Takie:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Ojú ń dun ìyá mi, àbúrò mi sì ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Àbújá wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ara wọn ò gba ọ̀nà jíjìn mọ́, ni mo bá fi fóònù ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú láti Ìlọrin lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. ₦92,000 ni wọ́n yọ. Ìyẹn ò burú, ìyá mi ti lọ, wọ́n sì ti gúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, aago méjì òru, alẹ́ẹ̀tì dún: ₦92,000 mìíràn! Ilẹ̀ mọ́, ₦14,500 tún lọ, wọ́n kọ "membership" sí i. Mi ò forúkọ sílẹ̀ fún nǹkan kan. Owó léèsì ìyàwó tí mò ń ránṣọ fún ló wà níbẹ̀, Sátidé tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní kí n ní sùúrù. Ọmọbìnrin tí mo bá ní báńkì ní kí n lọ bá ẹni tí mo rajà lọ́wọ́ ẹ̀.

Bàbá Arówómọlẹ̀:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Báńkì ni mo ti fẹ̀yìntì. Ẹ kọ́kọ́ blọ́ọ̀kì káàdì yẹn kí ẹ tó ka ìyókù. Ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà ẹ̀ ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn látìgbà tí ẹ ti sanwó àkọ́kọ́, wọ́n sì tún lè yọ òmíràn.

Ohun tí ọmọbìnrin yẹn sọ ò tọ̀nà. Báńkì ló fún yín ní káàdì, àwọn ni yóò bá yín béèrè owó tí ẹ ò fọwọ́ sí. Dispute là ń pè é. Ẹ má fẹnu sọ ọ́ lásán, ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti iye owó, kí ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ẹ gbà mọ́ ọn, òun ni ẹ̀rí pé ẹ̀ẹ̀kan lẹ rà. Ẹ ya ₦14,500 sọ́tọ̀ nínú lẹ́tà náà, torí ẹjọ́ tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ fi nọ́ńbà yẹn kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ tó ń darí gbogbo báńkì. Ọ̀dọ̀ báńkì yín ni CBN fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mú ẹjọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà náà fi ṣe pàtàkì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G:
Ẹ̀gbọ́n, ilé-iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀, ẹ fẹjọ́ ẹ̀ sun FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà. Òfin ọdún 2018 ló gbé wọn kalẹ̀ fún irú ẹ̀. Ẹni tó bá sì pè yín pé òun á dá owó padà, tó ní kí ẹ ka OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, fún òun, ẹ pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Báyẹn ni owó ilé-ìwé ọ̀rẹ́ mi ṣe lọ.

Aránṣọ Takie:
Bàbá, ẹ ṣé gan-an, kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo ti blọ́ọ̀kì ẹ̀. Ọ̀gá báńkì fúnra wọn ló gba lẹ́tà láàárọ̀ yìí. Mo kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà, kó má baà sọnù. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ti yá mi lówó léèsì, mo ti ń gé e lọ́wọ́ báyìí.