Mo fẹ́ kó ọjà lọ sí Gàbọ̀n: kí ni kí n mọ̀ kí n tó gbéra?

Ìyá Aláṣọ, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Bẹ̀nẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Aṣọ àǹkárá ni mò ń tà. Àbúrò mi tó ń gbé ní Libreville ní kí n kó díẹ̀ wá ní oṣù Keje, kí n fi dán ọjà ibẹ̀ wò. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ń sọ Faransé, tí wọ́n sì ń ná sẹ́fà bíi tiwa, mo rò pé kò ní í yàtọ̀ sí ìgbà tí mo bá ń lọ sí Lomé, ṣùgbọ́n baálé mi ní kí n wádìí kí n tó sanwó bàálù. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì:
Baálé yín ṣeun. Owó yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ fiyè sí. Orúkọ kan náà ni owó méjèèjì ń jẹ́, iye wọn sì dọ́gba, torí 655.957 ni wọ́n fi ń ṣẹ́ yúrò kan níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n báńkì tó wà ní Dakar ló ni tiwa, èyí tó wà ní Yaoundé ló sì ni ti Gàbọ̀n, Kamẹrúùnù àti orílẹ̀-èdè mẹ́rin mìíràn. Ní ìrìn àjò mi àkọ́kọ́, mo na owó wa sí onítakisí kan; ó yí i síwá sẹ́yìn, ó fi ìka kan àwòrán ẹja onímú-bí-ayùn tó wà lára rẹ̀, ó sì dá a padà pé owó ìlú àwọn kọ́ nìyẹn. Inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí títí ẹ̀gbọ́n mi fi wá gbà mí sílẹ̀. Yúrò ni kí ẹ mú dání, kí ẹ ṣẹ́ ẹ níbẹ̀.

Bàbá Olùkọ́:
Ti Lomé yẹn ni èmi fẹ́ mú, ìyá wa. Gàbọ̀n kò sí nínú ECOWAS, àjọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó jẹ́ kí á máa wọ Lomé láìsí físà, nítorí náà ẹ lọ béèrè ọ̀rọ̀ físà ní iléeṣẹ́ aṣojú wọn, kí ẹ má sì gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Bí ilẹ̀ náà tilẹ̀ fẹ̀ ju ìlọ́po méjì Bẹ̀nẹ̀ lọ, mílíọ̀nù méjì lé díẹ̀ ni àwọn ènìyàn rẹ̀, igbó kìjikìji ló sì bo èyí tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀, torí náà ẹ má fi ọjà wọn wé Dantokpa; ẹ kó ẹrù níwọ̀nba. Epo rọ̀bì, máńgánísì àti igi gẹdú ni owó ìlú ti ń wá, òkèèrè ni wọ́n sì ti ń kó ọ̀pọ̀ oúnjẹ wọlé, ìdí nìyẹn tí nǹkan fi wọ́n. Ẹ̀ẹ̀rùn ni oṣù Keje jẹ́ fún wọn, ojú ọjọ́ a sì máa tutù díẹ̀. Ìdílé Bongo, bàbá àti ọmọ, ló jẹ gàba níbẹ̀ láti 1967 títí àwọn ológun fi gbàjọba ní oṣù Kẹjọ 2023. Ẹ má bá onítakisí kankan jiyàn òṣèlú o.

Ìyá Aláṣọ:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó kù díẹ̀ kí n di sẹ́fà mọ́ ìdí lọ! Oúnjẹ wọn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì:
Àpọ̀n tí à ń sè nílé ni wọ́n ń pè ní odika. Wọ́n á yan kóró rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì mọ ọ́n ní ìṣù dúdú bíi ṣokoléètì, èyí tí wọ́n máa ń rin sínú ọbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ di àpọ̀n mọ́ ẹrù.