Àbọ̀ lórí jíìpù àtijọ́ yẹn: mo ti rà á
Ẹ ṣeun o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo bèèrè bóyá kí n ra jíìpù àtijọ́ tí màá máa fi ṣe ọkọ̀ kejì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le koko; táyà ló fẹ́ tàn mí jẹ. Ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ dáadáa, àmọ́ nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni 2312: ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2012 ni wọ́n ti ṣe é! Rọ́bà ti ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tí mo fi já owó ọkọ̀ wálẹ̀ nìyẹn. Mẹkáníìkì pààrọ̀ bẹ́líìtì táímíìnì (èyí tó ń mú kí àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì máa yí bá ara wọn mu) àti páǹpù omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára pọ̀, torí ojú kan náà ni wọ́n ń tú dé. Ẹni tó ní kí n máa tú wáyà bátìrì bí ọkọ̀ bá máa dúró pẹ́, kí bátìrì má bàa kú, ìmọ̀ràn tìẹ ló dáa jù. Epo tó ń mu nìkan ló kù, ìyẹn ò sì lóògùn.