Ta ló ti fojú kan àwọn ọkọ̀ ìgbòkun kádẹ́ẹ̀tì rí, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ogun ojú omi?

Adérìn: Àwọn mẹ́rin tí wọ́n kàn ní Bilbao, ní Sípéènì, fún ọmọ ogun ojú omi ni mò ń sọ: Gloria ti Kòlóḿbíà, Guayas ti Ecuador, Simón Bolívar ti Fẹnẹsúẹ́là, Cuauhtémoc ti Mẹ́síkò. Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí.

Ìyá Ìbejì: Gloria ni tèmi, ní èbúté Cartagena. Orin la kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, àwọn ọmọ ti tò sórí igi ìdábùú tí wọ́n ń so ìgbòkun mọ́ lókè lọ́hùn-ún, nínú aṣọ yẹ́lò, búlúù àti pupa bí àsíá ilẹ̀ wọn. Àyà mi já. Ṣé wọn ò ní ìyá nílé ni?

Ọmọ Odò: Okùn wà níbàdí wọn, mà.

Ìyá Ìbejì: Èmi ò rí okùn kankan.

Táyé: Ó wà o. Mo wà létí East River ní New York lálẹ́ ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 2025. Cuauhtémoc tan iná káàkiri, à ń juwọ́ sí wọn. Mo rí i pé ẹ̀yìn ló ń rìn, mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń dágbére nìyẹn. Àfi gbàgà! Orí òpó ìgbòkun rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣẹ́ mọ́ afárá Brooklyn Bridge. Àwọn kan ń rọ̀ dirodiro lórí okùn ìbàdí yẹn. Nínú èèyàn 277, méjì kú.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Kò-gbà-gbọ́: Gbogbo ẹni tó wo fídíò yẹn ló wà níbẹ̀.

Táyé: Ẹ gbà á, ẹ má gbà á, ojú mi ló ṣe.

Adérìn: Ta ló ní kí wọ́n gba abẹ́ afárá?

Ọmọ Odò: Wọn ò fẹ́ gba ibẹ̀ rárá. Iceland ni wọ́n ń lọ, ojú òkun ló yẹ kí wọ́n kọrí sí. Abẹ́ afárá yẹn ò ju bíi mítà 41 lọ, òpó ọkọ̀ náà sì ga jù ú lọ dáadáa.

Kò-gbà-gbọ́: Rédà wà, GPS wà, kí tún ni ti ìgbòkun? Gorch Fock, ọkọ̀ kádẹ́ẹ̀tì ti Jámánì, mílíọ̀nù 10 owó yúrò ni wọ́n pe àtúnṣe rẹ̀, ó di 135!

Ọmọ Odò: Èmi bá kádẹ́ẹ̀tì Guayas kan sọ̀rọ̀ rí. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti yi bíi ti alágbẹ̀dẹ. Ó ní kò sẹ́ni tó lè dá fa okùn yẹn, ọmọ ọ̀gá àgbà ni ọ́ tàbí ọmọ ta ni. Ẹ̀rọ kankan ò lè kọ́ni ní ìyẹn.

Kò-gbà-gbọ́: Pẹ̀lú mílíọ̀nù 135?

Táyé: Eagle ti Amẹ́ríkà ńkọ́? Hamburg ní Jámánì ni wọ́n ti kàn án ní 1936. Amẹ́ríkà jí i lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni.

Adérìn: Wọn ò jí i, gbà-máà-bínú ogun ni. Ti Coast Guard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, sì ni, kì í ṣe ti ológun ojú omi.

Táyé: Ẹni tí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi.

Àjànà: Kò sẹ́ni tó dárúkọ Unión ti Peru? Òpó mẹ́rin! Callao nílẹ̀ wọn ni wọ́n ti fọwọ́ ara wọn kàn án.

Adérìn: Bilbao la ní o.