Èsì: “Ìtọrẹ-àánú òǹkàwé”? Ẹ má sọ alámèyítọ́ di alágbe

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, mo kí i yín o.

Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń ka àríyànjiyàn wa lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ ká fi pe owó tí òǹkàwé fi ń ran àwọn tó ń kọ ìròyìn iṣẹ́ ọnà láìsí lábẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wa ní Leeds gbé ìtumọ̀ tí wọ́n bá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dá ìwé ìròyìn iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe jáde, tí mo rí “ìtọrẹ-àánú òǹkàwé fún ìròyìn iṣẹ́ ọnà àdádúró” gbàgàdà lókè ìwé, ara mi ò gbà á mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àánú. Ta ló ń ṣàánú ta? Alámèyítọ́, ẹni tó jókòó wo eré fún wákàtí mẹ́ta, tó délé, tó fi òru kọ ọ́ pé ìlù bo ohùn òṣèré mọ́lẹ̀, pé aṣọ ọba kò bá ìgbà ìtàn náà mu, iṣẹ́ ló ṣe. Òǹkàwé tó fi ẹgbẹ̀rún náírà ránṣẹ́ sí i kò ṣe sàárà. Alágbe tó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí là ń tọrẹ àánú fún. Ẹ sì tún gbọ́ ọ dáadáa: “ta lọ́rẹ” ló bí “tọrẹ”, bí ahọ́n bá yọ̀ díẹ̀, ó ti di “tọrọ” nìyẹn.

Ìdáwó ni kí a pè é, òun ni èmi dúró lé. Ẹnì kan ní ìdáwó òkú àti ti aṣọ ẹbí nìkan ni òun mọ̀. Ó dáa, ta ló kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti gbọ̀ngàn ìlú fún wa? Ṣé òkú ló kọ́ wọn? Ìlú ló dáwó. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bá àwọn ọ̀dọ́ yẹn wí o: “Ẹ dáwọ́ fún wa” ni wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé. Àmì kékeré abẹ́ ọ̀! Bí ẹ bá ní kí òǹkàwé dáwọ́, yóò dáwọ́ dúró ni.

Màmá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ká pè é ní àáró. Mo dọ̀bálẹ̀, Mà, ṣùgbọ́n àáró ní ẹ̀san: mo ro oko yín lónìí, ẹ ro tèmi lọ́tùn-únla. Ṣé alámèyítọ́ máa wá bá òǹkàwé ro tirẹ̀ ni? Bí a ò bá fẹ́ ìdáwó, ọ̀wẹ̀ ló sún mọ́ ọn. Nígbà tí bàbá bàbá mi ń ṣe òrùlé ilé rẹ̀, ó bẹ àwọn ènìyàn lọ́wẹ̀, ìyá àgbà gúnyán fún wọn. Lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà, bí òjò bá rọ̀, àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn á yà wá béèrè pé, “Òrùlé wa ò jò?” Òrùlé WA. Ẹni tó ṣàánú kì í béèrè bẹ́ẹ̀.

Ó kan àdádúró. Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ ṣe níwájú ọ̀rọ̀ yẹn? A-dá-dúró ni, ohùn àárín, bíi apẹja, bíi akọrin: ẹni tó ń dá dúró. Bí ẹ bá ti fi à- sí i, ó ti wọ ẹgbẹ́ àkọsílẹ̀ àti àfipamọ́, ohun tí ẹlòmíràn ṣe nǹkan sí. Gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì mọ ohun tí “wọ́n dá a dúró” túmọ̀ sí. Ìròyìn tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ lẹ fẹ́ ká dáwó fún? Àbí àdá ló dúró, tí ọkọ́ jókòó?

N kò fi èyí ṣeré, nítorí kéèyàn dá dúró láìsí lábẹ́ ẹnikẹ́ni gan-an lọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Mo ti kọ nípa eré orí ìtàgé fún ìwé ìròyìn kan tí n kò ní dárúkọ. Mo ní eré náà kò jinná. Olóòtú pè mí pé ẹni tó ni eré ló ra ojú ìwé méjì fún ìpolówó lọ́sẹ̀ yẹn, kí n wá ìkan mìíràn kọ. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Dòdò ọ̀hún ò sì fìgbà gbogbo hàn síta: Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961, tí Soyinka, Achebe àti Okigbo wà níbẹ̀, àti ìwé àtìgbàdégbà Black Orpheus tí Ulli Beier ti bẹ̀rẹ̀ ní 1957, àwọn méjèèjì gba owó lọ́wọ́ Congress for Cultural Freedom, ẹgbẹ́ òkè òkun kan tó ń náwó lórí àṣà àti iṣẹ́ ọnà. Láàárín 1966 sí 1967 ni àṣírí tú pé CIA, àjọ amí ti Amẹ́ríkà, ló wà nídìí owó náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò mọ ibi tí omi ti ń ṣàn wá. Iṣẹ́ wọn dára, n kò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ká ní òǹkàwé ẹgbẹ̀rún ló dá a ni, ta ni ì bá fi orúkọ pa mọ́?

(Bí a ti dé orí Mbari, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ ṣí ti Òṣogbo ní 1962, etí ará ìlú sọ ọ́ di “M̀bá rí i, m̀bá yọ̀”. Etí ló ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yẹn o, kì í ṣe ìgbìmọ̀. Ẹni tó kọ̀wé sí wa lálẹ́ àná pé ẹni tí kò bá gba oyè ọ̀mọ̀wé kò gbọdọ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, kó lọ sọ fún àwọn ìyá alátẹ Òṣogbo.)

Àti ẹni tó ní òǹkàwé Yorùbá kì í sanwó: ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta Ìwé Ìròyìn tí Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, gbé jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859. Wọ́n rà á.

Àbúrò kan ti kọ sí mi níkọ̀kọ̀ pé bí ohùn ìsàlẹ̀ bá burú, kí ni mo fẹ́ ṣe àdáni, tí gbogbo wa ń pe ilé iṣẹ́ ní aládàáni? Ó mú mi níbi tó dùn mí. Mo ṣì ń rò ó. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n, àánú yẹn, ẹ bá mi yọ ọ́ lónìí.

Èmi ti fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ náà. Níbi tí wọ́n ti ní kí n sọ ohun tí owó wà fún, “ìdáwó” ni mo kọ, gbogbo àmì rẹ̀ pé pérépéré. Nígbà tí rìsíìtì dé, báńkì ti ré gbogbo wọn dànù: “idawo”. Bí wọ́n ṣe máa kà á lọ́hùn-ún, n kò mọ̀.